Ọpọ́n Tí Kì í Rìn Lófìfo

Dígí kò fọ́, àgádágodo kò já, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́rùn Alàgbà Adédèjì, níbi tó so ó mọ́ okùn kan náà pẹ̀lú awò tó fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n àpótí dígí tó wà láàárín pálọ̀ rẹ̀ ní Beam Park ṣófo. Ọpọ́n tó ti àárín òkun Pàsífíìkì wá, èyí tí gbogbo àlejò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó fún un lómi mu nínú ilé náà, ti lọ.

"Ẹ wò ó fúnra yín, Sister," ni Alàgbà wí. "Olè wọlé tọ̀ mí wá. Èmi."

Bó ṣe pe "èmi" yẹn, ẹ ó rò pé ó yẹ kí olè ti kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ni ilé.

Ọmọ́lẹ́wà Akínrẹ̀mí rìn lọ sídìí àpótí náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ojú sún mọ́ dígí. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ní àárín ìlú London. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ bá àwọn tó ní ilé àwọn jóná, kó sì mọ ilé tó jó fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí onílé ràn lọ́wọ́. Ó ti fẹ̀yìn tì sí Eastbury báyìí, ó ń gbin tòmátì, ó sì ń kọrin nínú ìjọ tirẹ̀, ìjọ àwọn tó ń wọ bàtà wọnú ilé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ojú tó ti mọ òfíntótó kì í fẹ̀yìn tì. Olúbùsọ́lá, ìyàwó Alàgbà, tí wọ́n jọ gbé Peckham nígbà tí irun orí àwọn méjèèjì ṣì dúdú, ló pè é láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí. "Sister Lẹ́wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré wá. Ọkọ mi kò jẹun láti àná. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le."

Reuben, ọlọ́pàá àdúgbò, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Òyìnbó ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Dagenham débi tó fi mọ̀ pé obìnrin Yorùbá tó bá dàgbà ju ìyá òun lọ, "Auntie" ni orúkọ rẹ̀.

"Mo ti yẹ ilẹ̀kùn àti fèrèsé gbogbo wò, Auntie," ó ní. "Kò sí ibi tí wọ́n gbà wọlé."

"Ẹ jẹ́ kí Alàgbà sọ ìtàn ọpọ́n náà fún mi ná," ni Ọmọ́lẹ́wà dá a lóhùn. "Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Olúbùsọ́lá mí kanlẹ̀ ní kíṣínì. Ó ti gbọ́ ìtàn náà rí.

Alàgbà Adédèjì jókòó, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Apòògùn ni ní Barking títí ó fi fẹ̀yìn tì, ọkùnrin gíga tó mọ̀ pé òun ga. Fìlà etí gbọọrọ ni fìlà náà, wọ́n fi òwú búlúù kọ orúkọ ọkọ̀ ojú omi sí iwájú rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ti ìrìnàjò dé, kì í ṣí i àfi tó bá fẹ́ wọ inú ìjọ tàbí tó bá fẹ́ sùn, ìyàwó rẹ̀ sì ní ti oorun yẹn kò tíì dá òun lójú.

"Kì í ṣe ọkọ̀ tó ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bí ọjà Èjìgbòmẹkùn ni mo wọ̀ o," ó bẹ̀rẹ̀. "Ọkọ̀ kékeré ni tiwa. Ibi tí ọkọ̀ ńlá kò lè dé là ń lọ, àwọn erékùṣù tí kò ní èbúté rárá. Ọkọ̀ rọ́bà ló ń gbé wa lọ sí etíkun, a ó sì fò bọ́ sínú omi tó dé orúnkún."

"Ẹ̀yin náà fò?"

"Mo fò."

"Àwọn ọmọ ọkọ̀ méjì ló gbé e," ni ohùn kan wá láti kíṣínì.

Alàgbà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó sọ bí wọ́n ṣe dé erékùṣù kan tí wọ́n ń pè ní Sauvera, tí wọ́n fi fèrè ìkarawun pàdé wọn, tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ wa ọkọ̀ tí wọ́n fi igi gbẹ́ yí wọn ká. Ó sọ nípa bí àwọn baba ńlá ibẹ̀ ṣe ń fi ìràwọ̀ àti ìgbì mọ ọ̀nà lójú òkun nígbà tí àwọn tó ya àwòrán ayé kò tíì mọ̀ pé erékùṣù náà wà. Ó wá dé ibi tí ohùn rẹ̀ ti yí padà, tí kò sì rántí fìlà mọ́.

"Ìyá àgbà kan jókòó sí abẹ́ igi. Òun ni olórí ilé tó ń gbàlejò. Ó bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan pé, 'Ta ni ọ́?' Ọ̀kan ní dókítà ni òun. Ọ̀kan ní òun ló ni ilé-iṣẹ́ kan. Nígbà tó kàn mí, mo fẹ́ sọ pé apòògùn ni mí, Sister, mo fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Oríkì ìdílé mi ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo kì í títí dé ọ̀dọ̀ baba tó tẹ ilé wa dó. Ọ̀gá tó ń tọ́ wa sọ́nà kò lè túmọ̀ rẹ̀, ìyá náà sì ní kí ó má wulẹ̀ túmọ̀ rẹ̀. Ó dìde, ó ka ìran tirẹ̀ náà padà fún mi. Ó pẹ́ kó tó tán. Ó wá gbé ọpọ́n náà lé mi lọ́wọ́."

Kódà Olúbùsọ́lá dẹ́kun àwo fífọ̀.

"Ó fún yín?" ni Ọmọ́lẹ́wà bèèrè.

"Ó yá mi. Àṣà wọn ni. Ọpọ́n á bá àlejò relé, tó bá yá, ọmọ ilé náà á wá gbà á padà, á sì gbọ́ ìtàn ohun tó fojú rí. Ilé tí ọpọ́n rẹ̀ kò bá padà wálé, kò gbọ́dọ̀ gbàlejò mọ́ níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó yá a jáde bá ṣì wà láàyè. Ìyá náà ti darúgbó. Tí ọpọ́n yìí bá sọnù, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo tì pa." Ó nu iwájú orí. "Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Catherine, tó ń kàwé ní London níbí, ń bọ̀ wá gbé e lónìí. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí, Sister."

"Kí ni ìyá náà ní kí ẹ máa fi ọpọ́n ṣe?"

Alàgbà rẹ́rìn-ín kékeré. "Ó ní kí n máa jẹ́ kó jẹun. Àwàdà ni. Ẹ̀mí àwàdà wọn pọ̀."

"Ẹ wá tì í mọ́ inú dígí."

"Kí eruku má baà bà á."

Ọmọ́lẹ́wà tún yí sí àpótí náà. Aṣọ funfun kan ni wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti ká a kí wọ́n tó tẹ́ ẹ ṣì dúró gànngàn láàárín rẹ̀ bí òrùlé ilé.

"Bùsọ́lá, ìgbà wo lẹ tẹ́ aṣọ yìí?"

"Ọjọ́ Àìkú, bí a ṣe ti ìsìn ìdúpẹ́ dé." Olúbùsọ́lá yọjú, ó ń nu ọwọ́. "Mo lọ̀ ọ́, mo ká a, mo tẹ́ ẹ. Daddy ní òun fúnra òun ni yóò gbé ọpọ́n sórí rẹ̀, pé kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ló yẹ kó kàn án."

"Báwo ló ṣe wúwo tó?"

"Tó ọmọ tuntun tó ti yó."

"Alàgbà, ẹ̀yin lẹ gbé e síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú?"

"Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni." Ó ṣí fìlà, ó sì tún un dé. "Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, kò sí níbẹ̀ mọ́."

Ọmọ́lẹ́wà mi orí, ó wọ kíṣínì lọ bí ẹni tó ń wá omi. Lórí fíríìjì, apẹ̀rẹ̀ kan dojú dé, ó mọ́ tónítóní.

"Apẹ̀rẹ̀ ìdúpẹ́ yín nìyẹn?"

"Òun ni. A kò tilẹ̀ lò ó lọ́jọ́ Àìkú." Olúbùsọ́lá rẹ ohùn sílẹ̀. "Daddy rán mi lọ sí Heathway, kí n ra ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó tóbi jù, kí n ra ọsàn, kí n ra èso àjàrà. Mo rà á. Ó ní òun ni yóò tò ó. Mi ò fi ẹ̀là kan kan ẹnu."

Lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ síṣọ́ọ̀sì, ìrépé rìbọ́nì funfun kan wà níbẹ̀. Ọmọ́lẹ́wà mú un, ó wé e mọ́ ìka, ó sì fi sínú àpamọ́wọ́ rẹ̀. Ó mu omi rẹ̀ tán.

*

"Láyí ni, ará ìjọ Alàgbà," ni Reuben sọ nínú mọ́tò. "Ẹnì kan rí i lọ́jọ́ Àìkú tó ń yọ́ gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì jáde, ó fi aṣọ di nǹkan ńlá kan, ó jù ú sínú búùtù. Òun àti Alàgbà kò sì fẹ́ràn ara wọn. Ṣùgbọ́n kò yé mi, Auntie. Ilé ni nǹkan ti sọnù. Kí ni ti ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Jẹ́ ká kí Láyí ná."

Láyí ń gbé ní Dagenham Village, nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ àwọn òyìnbó. Iṣẹ́ ilé títà ló ń ṣe, bí ó sì ṣe ń sọ̀rọ̀ ilé náà ló ṣe ń sọ̀rọ̀ ara rẹ̀: gbogbo rẹ̀ ló gbòòrò, gbogbo rẹ̀ ló sún mọ́ ibùdókọ̀. Òun náà ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí, ọkọ̀ ràgàjì kan tó lọ sí Caribbean, tó ní ilé sinimá àti adágún odò nínú. Láti ìgbà tí Alàgbà ti dé láti Sauvera, kò sẹ́ni tó bèèrè fọ́tò rẹ̀ mọ́.

Ó ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ojú tó rẹ̀. "Ẹ má bínú, Ma, mi ò lè fi nǹkan ṣe yín lálejò. Mo wà nínú ààwẹ̀. Gbẹrẹfu. Omi pàápàá, rárá. Mo kéde rẹ̀ lórí pẹpẹ lọ́jọ́ Àìkú."

"Ọlọ́run á gbà á," ni Ọmọ́lẹ́wà wí. "Ẹ gbọ́ pé ọpọ́n Alàgbà ti sọnù?"

"Mo gbọ́. Ọpọ́n." Láyí fi imú rẹ́rìn-ín. "Ẹni ọgọ́rin nínú ọkọ̀, ẹ gbọ́ bí? Wọ́n mọ orúkọ ara wọn. Ṣé ìrìnàjò nìyẹn àbí ìpàdé ìdílé? Ọkọ̀ tí mo wọ̀, a kò rí kápùtẹ́nì títí a fi sọ̀kalẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ọkọ̀."

"Kí lẹ fi aṣọ dì lọ́jọ́ Àìkú, Brother Láyí?"

"Bíbélì."

"Ó tóbi tó bẹ́ẹ̀?"

"Bíbélì onílẹ́tà gàdàgbà ni."

"Àti iyàrá ẹ̀yìn lẹ gbà jáde."

"Mo ń ṣe àṣàrò, Ma. Ẹni tó ń ṣe àṣàrò kì í gba ojú títì."

Ọmọ́lẹ́wà wò ó pẹ́ díẹ̀. Ó tẹ orí síwájú bí ẹni tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àṣírí bá a sọ. "Brother mi, ẹyọ ìrẹsì kan wà ní irùngbọ̀n yín. Ṣé òun náà ń gbààwẹ̀ ni?"

Ọwọ́ Láyí fò lọ sí àgbọ̀n. Reuben, tí kò gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tó rí ìrẹsì, yí ojú sí ògiri.

Kúlà ìrẹsì ìdúpẹ́ ló wà nínú aṣọ náà. Ó ti kéde ààwẹ̀ tán kí òórùn ata tó dé imú rẹ̀, ẹnu tó fi kéde kò sì ṣeé fi kó o padà níwájú gbogbo ìjọ. Ó gbé kúlà náà wá láti kíṣínì fúnra rẹ̀. Ìlàjì ṣì kù.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ma. Kí Ìyá Ìjọ má gbọ́."

"Ìdáhùn kan ni mo fẹ́, kò sì ní gbọ́. Alàgbà Adédèjì ti jáde kí ẹ tó jáde?"

"Ó ti jáde tipẹ́. Ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n ni? Ẹni ńlá kì í dúró di ìgbà tí wọ́n ń pín èso. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń wò ó. Ó fi ọwọ́ kan di fóònù mú, ó ń fi fídíò àbùùbùtán, ẹja ràbàtà tó rí lójú òkun, han àwọn ọmọ kọ́áyà. Ó fi ọwọ́ kejì bọ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́ bí gómìnà, ó wọ mọ́tò, ó lọ."

"Ọwọ́ kan fún àbùùbùtán, ọwọ́ kan fún àwọn aráàlú," ni Ọmọ́lẹ́wà tún un sọ. "Ẹ ṣé, Brother Láyí. Ẹ parí ìrẹsì yín."

*

Reuben ti tan mọ́tò kó tó lè sọ̀rọ̀. "Kì í ṣe òun."

"Kì í ṣe ẹnikẹ́ni, Reuben. Gbọ́. Nǹkan tó wúwo tó ọmọ tuntun, tó bá sun orí aṣọ kan mọ́jú, ṣé ojú ibi tí wọ́n ti ká aṣọ náà ṣì lè máa dúró?"

"Á ti tẹ́ pẹrẹsẹ."

"Tiwọn dúró gànngàn. Ọpọ́n náà kò padà wálé lọ́jọ́ Àìkú rárá. Bùsọ́lá kò purọ́. Ọkọ rẹ̀ ló purọ́. Láyí wá sọ fún wa pé ọwọ́ méjèèjì Alàgbà kò ṣófo nígbà tó ń jáde, kò sì gbé ọpọ́n."

"Wọ́n wá jí i ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Mo kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èso lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, apẹ̀rẹ̀ kò lọ. Kí ni wọ́n fi gbé èso?"

Reuben dá mọ́tò dúró níbi iná pupa. Ó yíjú. "Inú ọpọ́n."

"Kí fọ́tò lè dára. Àní ó so rìbọ́nì mọ́ ọn." Ó yọ ìrépé funfun náà, ó gbé e dání. "Ìyá ìyá mi ní Abẹ́òkúta, ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, bíi ti Alàgbà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti dàgbà, lórí ẹní, láìwọ bàtà, tí mò ń retí ọsàn. Èso tó bá wá síwájú pẹpẹ, pínpín ni. Tó bá jẹ́ apẹ̀rẹ̀ lásán, wọ́n á da èso, olúwa rẹ̀ á mú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá so rìbọ́nì mọ́, tòun ti àwo rẹ̀ ni. Odindi ni wọ́n fi ń ta ẹnì kan lọ́rẹ. Gbogbo ọmọdé tó bá dúró gba ọsàn mọ èyí. Alàgbà ti di ẹni ńlá tipẹ́. Kò dúró gba ọsàn mọ́."

*

Wọ́n bá Alàgbà níbi tí wọ́n fi í sí. Ọmọ́lẹ́wà jókòó tì í, ó gbé ìrépé rìbọ́nì lé orúnkún rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ọ̀nà tó ti fi gba òótọ́ lẹ́nu àwọn onílé jíjó nìyẹn.

"Ẹ má jẹ́ kí Bùsọ́lá gbọ́," ni Alàgbà wí nígbà tó pẹ́.

"Mo ń gbọ́," ni Bùsọ́lá dáhùn ní kíṣínì.

Ó tú u palẹ̀. Ó gbàgbé ọpọ́n níwájú pẹpẹ nítorí àbùùbùtán. Ó rántí ní kùtù ọjọ́ Ajé, ó sáré lọ, ilẹ̀ mọ́, kò bá nǹkan kan. Ó rò pé ará ìjọ kan ló jí i. "Ṣé kí n wá máa pariwo pé olè wà nínú ìjọ mi? Àbí kí n sọ pé èmi, tí mo gbé ọpọ́n kọjá gbogbo òkun ayé láìjẹ́ kó fara pa, Dagenham ni mo gbàgbé rẹ̀ sí? Mo kúkú ní olè wá sílé."

"Ẹ fóònù Ìyá Ìjọ," ni Ọmọ́lẹ́wà sọ.

Ohùn Ìyá Ìjọ kún pálọ̀ kó tó gbé fóònù sétí. "Alàgbà wa! Ọrẹ ńlá lẹ ṣe lọ́jọ́ Àìkú. Ọpọ́n tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀, tòun ti ìkarawun dídán tí wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́! Àdúrà tí a gbà fún yín, ohùn wa fẹ́rẹ̀ẹ́ há. Wúrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ la gbé e fún. Òun náà ni a ń lò níbi ìkómọ báyìí. Ẹ ti bọ̀ bí? Ẹnu ọ̀nà ni mo wà."

Alàgbà gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó. Kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, aago ẹnu ọ̀nà dún. Olúbùsọ́lá lọ ṣílẹ̀kùn. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló wà níbẹ̀, awọ̀ rẹ̀ dúdú, irun rẹ̀ kún, ó gbé àpò ìwé kọ́ ejìká. "Ẹ jọ̀ọ́, Catherine ni mí. Mo tètè dé. Ìyá mi àgbà ló fóònù mí láàárọ̀, ó ní kí n má jẹ́ kí ọpọ́n dúró dè mí."

Ilé Wúrà kò jìnnà, lẹ́yìn Heathway ni. Reuben fa Alàgbà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ fún un ní tíì. N ó sáré lọ, n ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú abọ́ mìíràn, n ó sì gbé e dé kí tíì tó tutù. Kò ní mọ̀."

Ọmọ́lẹ́wà ń wo Alàgbà. Ó rí i tó wo àpótí dígí, tó wo ọmọbìnrin náà, tí ìfẹ́ láti jẹ́ ẹni iyì ń fà á sọ́tùn-ún sósì. Ọ̀nà àbùjá là sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó mọ́ tónítóní, orúkọ rẹ̀ kò ní bàjẹ́.

"Rárá," ni Alàgbà wí. "Wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ lọ́wọ́. A kì í da oyin ọmọ nù nítorí ìtìjú àgbà." Ó yíjú sí àlejò rẹ̀. "Ọmọ mi, ọpọ́n yín wà níbi ayẹyẹ. Ẹ jẹ́ ká lọ bá a."

*

Èrò kún pálọ̀ Wúrà débi pé ẹ̀gbẹ́ ni ènìyàn fi ń wọlé. Bàtà kún ẹnu ọ̀nà bí ẹja. Láàárín ilé, lórí tábìlì kékeré, ọpọ́n náà jókòó: dúdú, gígùn bí ọkọ̀ tí wọ́n fi igi gbẹ́, ìkarawun ń dán ní etí rẹ̀ yíká. Abọ́ oyin wà nínú rẹ̀, iyọ̀ wà níbẹ̀, ṣúgà, ìgò omi, ọsàn tó ṣẹ́kù lára ti ọjọ́ Àìkú. Rìbọ́nì ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, oníkálukú ń tọ́ oyin wò, wọ́n sì ń ṣe àdúrà.

Catherine dúró. Gbogbo ilé wá dákẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ilé ti ń dákẹ́ tí àlejò kò bá kí ni.

"Àṣà wa ni pé kí n bèèrè níwájú àwọn ènìyàn," ó ní. "Bàbá, kí ni ọpọ́n wa jẹ nílé yín?"

Ọmọ́lẹ́wà rí i pé Láyí wà ní igun ilé, ojú rẹ̀ ti ń dán. Kò sí ibi tí Alàgbà lè fi ojú sí.

"Kò jẹ nǹkan kan," ni Alàgbà wí. "Lọ́dọ̀ mi, ebi ló pa á. Mo tì í mọ́ inú dígí, mo ń fi í ṣe fáàrí. Ọjọ́ tí mo fi èso sí i, fọ́tò ni mo tìtorí rẹ̀ ṣe é, mo sì tún gbàgbé rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ló bọ́ ọ. Wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ní kí àwọn ṣe bẹ́ẹ̀."

Ìyá Ìjọ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọmọbìnrin náà lè ráyè kọjá.

Catherine kúnlẹ̀ ti tábìlì. Ó fi ìka kan oyin, ó sì tọ́ ọ wò. "Ọpọ́n yìí ti lọ sí ilé púpọ̀," ó wí. "Wọ́n ti jẹ ẹja nínú rẹ̀, wọ́n ti jẹ iṣu. Ìyá mi àgbà mọ gbogbo rẹ̀ lórí, òun ló kọ́ mi. Kò tíì sọ fún mi rí pé ó sọ ọmọ lórúkọ." Ó gbé ojú sókè, omi wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú náà ń rẹ́rìn-ín. "Yóò mú mi jókòó kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni orúkọ ọmọ?"

"Olúwatìmílẹ́hìn," ni Wúrà dáhùn, ó ń gbé ọmọ náà jó lápá.

"Ọmọ tó bá jẹun nínú ọpọ́n wa, ilé wa máa ń fún un lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Anavela. Ẹni tí òkun kí ni."

Ó sọ ẹ̀gbà ìkarawun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ọpọ́n, bí ẹni tí wọ́n ti kọ́ pé ẹni tó bá sọ ọmọ lórúkọ gbọ́dọ̀ fi nǹkan sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ilé pariwo ayọ̀. Ìyá arúgbó kan tó jókòó sí ẹ̀bá ògiri na apá sókè, ó ní, "Ẹ wò ó, èèyàn wa ni. Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ọ̀hún ni mi ò mọ̀."

Nígbà tó tó àkókò láti lọ, wọ́n kó ohun ìkómọ kúrò nínú ọpọ́n. Wúrà mú ẹ̀gbà ìkarawun náà, ó fi í pamọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ìyá Ìjọ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. "Láti Dagenham ló ti ń lọ. Kò ní lọ lófìfo." Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Gààrí Ìjẹ̀bú wọlé, àbẹ́là funfun wọlé, ẹnì kan fi ìgò oyin tí wọ́n kò tíì ṣí sí i. Reuben wá inú àpò rẹ̀, ó fi bisikíìtì kan lé e, ojú ń tì í. Láyí gbé kúlà kan wá láti inú búùtù rẹ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni; Ọmọ́lẹ́wà sì pa àdéhùn rẹ̀ mọ́, kò sọ nǹkan kan, àfi pé ó bi í bóyá ààwẹ̀ ti tán. Ó rò ó nínú pé àwọn aṣọ́bodè á ní ọ̀rọ̀ tiwọn sọ lórí ìrẹsì yẹn, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ tòní.

Ó kan Alàgbà. Ó fọwọ́ wá àpò ọ̀tún, ó wá ti òsì. Ó dúró. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ sókè, ó ṣí fìlà ọkọ̀ ojú omi náà, ó nu eruku orí rẹ̀ pẹ̀lú apá aṣọ rẹ̀, ó sì fi í dé gbogbo ẹrù inú ọpọ́n mọ́lẹ̀.

"Ẹ sọ fún ìyá," ó wí fún Catherine, "pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣì ṣí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń kì Alàgbà ní oríkì rẹ̀ bó ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Olúbùsọ́lá ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn tó kù gbè é, orí rẹ̀ pípá sì ń dán nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́ bíi ti ọba.

Ọmọ́lẹ́wà ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Wọn kò tíì dé ìkángun òpópónà tó fi gbọ́ tí Alàgbà ń rọra bi ìyàwó rẹ̀ léèrè bóyá ọkọ̀ náà ṣì ń ta irú fìlà yẹn.